Ìrìn Pẹ̀lẹ́, Èémí Tó Gùn: Kí Ló Wà Nínú Eré Ìmárale Tí Wọ́n Ní Ó Ń Fi Ọkàn Balẹ̀?

Bóyá ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn fídíò wọ̀nyí lórí WhatsApp ẹbí yín. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àga, ó ń gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mí sínú, ó sì ń sọ apá kalẹ̀ bí èémí ṣe ń jáde. Tàbí ọkùnrin kan tó ń rìn lórí koríko láìwọ bàtà, tí kò kánjú, tí kò sì gbé fóònù dání. Abẹ́ fídíò náà ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni, kí onígbàgbọ́ yàgò fún un. Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun le, kó sáré. Ẹnì kẹta á ní òun gbọ́ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, kí èèyàn kó oògùn dànù. Ní Abẹ́òkúta níbí, mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu àwọn èèyàn, nínú takisí tó ń ti Pánṣẹ́kẹ́ bọ̀, níwájú ilé ìjọsìn, àti lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nítorí àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni àríyànjiyàn yìí ń lé sẹ́yìn. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé kò ṣeé fẹnu sọ mọ́. Èèyàn á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sápọ́n, ojú rẹ̀ á wà lára oníbàárà, ọkàn rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ onílé tó ń bọ̀ wá gbowó. Alẹ́ á lẹ́, oorun á kọ̀. Ọrùn á le, àyà á máa já. Tí ẹ bá bi í, á ní kò sí nǹkan kan, ìrònú lásán ni. Ìrònú náà sì ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àwọn fídíò yẹn kò ṣòroó ṣàlàyé. Èèyàn á mú nǹkan kan tí ara lè ṣe láìsí wàhálà: ìrìn, nínà apá, yíyí ọrùn, dídìde lórí àga. Á ṣe é díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe é lọ, á sì fi ọkàn sí ohun tí ara ń sọ bó ṣe ń ṣe é: ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, ibi tí èjìká ti le, bí èémí ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Tí ọkàn bá sá lọ sórí gbèsè, kò ní í bá a jà. Á kàn rọra mú un padà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí ọkàn á tún fi sá lọ, á sì tún mú un padà. Ìmúpadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sá léraléra kò tíì kùnà.

Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí eré ìmárale tí a mọ̀. Èèyàn lè sáré yí pápá ká ní Kútọ̀ látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí, kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀ rárá; ara á ti jèrè, ọkàn á sì wà bó ṣe wà. Ó tún yàtọ̀ sí jíjókòó kalẹ̀, ká di ojú, ká ní a ò fẹ́ ronú. Ẹni tí ìdààmú bá ti mú dáadáa, tí ẹ bá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ńṣe ni ìrònú á tún gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ń lọ tí apá bá ń gbéra, ọkàn rí nǹkan dì mú. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀nà yìí bá àwọn èèyàn wa mu ju àṣàrò orí ìjókòó lọ. A kì í ṣe ẹni tó máa ń jókòó sójú kan pẹ́.

Ibo ló ti wá? Ibi púpọ̀ ni. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, dá ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò lọ, tí oògùn àti iṣẹ́ abẹ kò sì ràn tó. Nínú ètò náà, wọ́n ń dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi ọkàn lọ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí, ibì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ń na ara díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì ń rìn pẹ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ìjọsìn wọ inú ètò ilé ìwòsàn náà. Látibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní mindfulness, ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ti wọ ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ káàkiri ayé.

Tai chi ní tirẹ̀, iṣẹ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà ni, tí wọ́n ń ṣe díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tó ń wò lè má mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń jù. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ sínú àkójọ àṣà àtayébáyé tó yẹ ká dáàbò bò ní 2020. Yóógà, nínà ara àti mímí tí àwọn ará Íńdíà ń ṣe, ti wọ àkójọ náà ṣáájú rẹ̀, ní 2016. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti yan ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ní ọjọ́ yóógà lágbàáyé láti ọdún 2014. Ní 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: yóógà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á láyè, kó fi í sílẹ̀, kò pàdánù ohunkóhun. Ìrìn pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Mímí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Àti pé àwọn ẹlẹ́sìn ìlú yìí mọ bí ọkàn ṣe ń bá ara rìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mùsùlùmí tó ń kírun mọ̀ pé a kì í sáré tẹ̀ ba kí a sì sáré forí kanlẹ̀ bí àkùkọ tó ń ṣá ọkà. Àwọn àlùfáà ń kìlọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí gbogbo oríkèé balẹ̀ sí àyè rẹ̀ kí èèyàn tó dìde. Mi ò sọ pé ìrun jẹ́ eré ìmárale. Ti Ọlọ́run ni ìrun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ti kírun pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run rí, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìtumọ̀ kí ara àti ọkàn wà lójú kan náà.

Kí ni ó ń ṣe nínú ara gan-an? Nígbà tí ìpayà bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, wọ́n á sì tú èròjà méjì, adirẹnalíìnì àti kọ́tísọ́ọ̀lù, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kíkankíkan, àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kan á fún pọ̀, iṣan ọrùn àti ti èjìká á le, èémí á kúrú, òkè àyà nìkan ni á máa dé. Ìgbà díẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe gbogbo èyí fún, pé kí èèyàn lè sá tàbí kó jà, kí ó sì tán. Ṣùgbọ́n owó ilé kì í tán. Owó ilé ìwé kì í tán. Ara á wá wà ní ìmúrasílẹ̀ ìjà láti oṣù dé oṣù, láìsí ẹni tó ń bá jà.

Èémí ni ọ̀nà tó yá jù láti bá ara sọ pé ewu ti kọjá. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus, ó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ gba ọrùn kọjá, ó lọ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn. Òun ló ń dá ọkàn dúró kí ó má sáré jù. Tí a bá ń mí sínú, agbára rẹ̀ lórí ọkàn á dín díẹ̀. Tí a bá ń mí jáde, á pọ̀ sí i, ọkàn á sì rọra lù. Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, níbi tí ìṣàn ti ń lù, ẹ mí sínú dáadáa, kí ẹ wá jẹ́ kó jáde pẹ̀lẹ́ kó pẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí i pé ìlù náà falẹ̀ bí èémí ṣe ń jáde. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń rìn pẹ̀lẹ́, tó ń jẹ́ kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, iye náà á lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó fipá mú ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ṣàyẹ̀wò mímí bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì rí i pé ó ń ran ara lọ́wọ́ láti darí ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.

Ohun kejì tó ń ṣe nínú ara ni ti ìdúró, bí èèyàn ṣe ń dúró láìṣubú. Nínú iṣan àti oríkèé wa, àwọn nǹkan kékeré kan wà tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà, kódà tí a bá di ojú. Inú etí náà ní tirẹ̀, tó ń sọ ibi tí orí tẹ̀ sí. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ìròyìn wọ̀nyí á máa falẹ̀, ìdí nìyí tí bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin fi lè kọsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbà láti ogójì ọdún. Tí èèyàn bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ẹsẹ̀ kan nìkan wà nílẹ̀ á pẹ́ sí i, ara á sì ní láti kọ́ bó ṣe ń dúró. Ó jọ nǹkan kékeré lójú. Ẹni tí eegun ìbàdí ìyá rẹ̀ ti kán rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìwádìí náà wà. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe àkójọ ìwádìí ìṣègùn lábẹ́ orúkọ Cochrane kó ìwádìí lórí ìṣubú àwọn arúgbó jọ ní 2019, wọ́n rí i pé tai chi lè dín iye ìgbà tí wọ́n ń ṣubú kù ní bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2012, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ̀n, ń dúró dáadáa sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe tai chi. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ara ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé fún ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́, kí dókítà kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tí kì í ṣe oògùn; eré ìmárale, tai chi, yóógà àti ètò Kabat-Zinn wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Lórí ìdààmú ọkàn àti oorun náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé ó ń ṣèrànwọ́ níwọ̀nba.

Níwọ̀nba ni mo sọ o. Àwọn tó ń tà á bí àgbo gbogboǹṣe ń ba ohun tó dára jẹ́. Ìrìn pẹ̀lẹ́ kò rọ́pò eré tó ń mú èèyàn làágùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa lo ara dé ìwọ̀n tí èémí á fi yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sì máa fi ohun tó ń kọ́ ara ní ìdúró kún un ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Tai chi àti ìrìn pẹ̀lẹ́ á ràn yín lọ́wọ́ lórí ti ìdúró. Ti èkíní, ẹ ṣì ní láti gbé ẹsẹ̀ kánkán.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó oògùn dànù. Irú eré yìí lè dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó gba ẹni tí tirẹ̀ ti ga lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo. Ẹni tí ara ń tù lè rò pé ó ti lọ, nígbà tí kò tíì lọ síbì kankan.

Ìlú Abẹ́òkúta gan-an ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkàn tí gbogbo Áfíríkà mọ̀. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro. Kàkà kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sí abúlé, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn ṣeré. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1961, ìlú yìí ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ṣe ìpàdé gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Lámbò padà di igbákejì Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó yé e nígbà náà ni pé aláìsàn tó ń lo ara rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn ń yára gbádùn ju ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá lọ.

Síbẹ̀, títí di òní, orúkọ Aro ṣì jẹ́ èébú lẹ́nu wa. Ọmọdé ń fi bú ọmọdé. Àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn á lọ sọ́dọ̀ wòlíì, á lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, á ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì, ṣùgbọ́n kò ní í gba iwájú géètì Aro kọjá, kí wọ́n má baà rí i. Ìdí nìyí tí mo fi rí àǹfààní nínú ìrìn pẹ̀lẹ́: kò sí ẹni tó máa ti ara rẹ̀ lójú nítorí pé ó ń rìn. Ohun kan náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ti ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń ní kó lọ máa mí díẹ̀díẹ̀. Dókítà ló yẹ ẹ́, kíákíá. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe irú wọn ní wèrè, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́. Ahọ́n wa ló kù kó tẹ̀ lé òfin.

Àwọn kan ń sọ pé kò sí nǹkan tuntun nínú gbogbo èyí, pé àwọn baba wa ti ń ṣe é. Mo fara mọ́ ọn dé ìwọ̀n àyè kan. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ wá ẹni tó ṣì ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sórí àbẹ́là àti fóòmù. Ó jókòó sórí àpótí, aṣọ funfun tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó ri ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ, ó jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kán padà sínú abọ́, ó fa ìlà kan. Èémí rẹ̀ dúró díẹ̀ bí ìlà ṣe ń lọ, ó sì tú nígbà tí ọwọ́ gbéra. Ó tún ri ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Ẹni tó bá ń ronú nípa nǹkan mìíràn níbẹ̀, ìlà rẹ̀ á wọ́, ibi tí ó wọ́ sí á sì hàn gedegbe tí aṣọ bá ti inú aró jáde. Ìfọkànsí nìyẹn, kò sí àní-àní.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tẹ̀ kọrọdọ. Ọrùn ti ń wo ilẹ̀ láti àárọ̀. Oníbàárà fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìyàwó, kò sí àyè àti dìde. Ẹ béèrè ibi tó ń dùn wọ́n, wọn kì í sábà sọ pé ọwọ́. Ọrùn àti ìbàdí ni. Nítorí náà, mi ò gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan tó. Ohun tí aláàdìrẹ nílò ni kí ó mú ìfọkànsí tó ti mọ̀ yẹn kúrò lórí aṣọ fún ìgbà díẹ̀, kó gbé e sórí ara tirẹ̀: kó dìde tí ìlà bá parí, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó yí èjìká lọ yí i bọ̀, kó gbọ́ ohun tí ẹ̀yìn ń sọ kí ó tó jókòó padà.

Èyí tó súnmọ́ ọn jù nínú àṣà wa, lójú tèmi, ni ijó àwọn àgbà. Ẹ wo ìyá tó ti dàgbà tí wọ́n bá ń lu sákárà. Kò fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, ó ń wọ́ ọ ni. Èjìká kan á lọ sílẹ̀, èkejì á tẹ̀ lé e, ìbàdí á dáhùn, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ padé. Tí onílù bá yí ọwọ́ padà, ara rẹ̀ ti gbọ́ kí etí ẹlòmíì tó gbọ́. Lásìkò yẹn, gbèsè kò sí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù yóógà ń bà, kó fi sákárà sí i nínú yàrá rẹ̀, kó jó bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ara bá gbà.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹní pàtàkì, kò nílò aṣọ pàtàkì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó. Kó dúró ná, kó mọ̀ bóyá ìwúwo ara wà ní gìgísẹ̀ tàbí ní iwájú ẹsẹ̀. Kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó gbé e kalẹ̀, gìgísẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ìka. Kó jẹ́ kí ara kúrò lórí ti òsì pátápátá kó tó gbé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bó ṣe ń mí sínú, márùn-ún tàbí mẹ́fà bó ṣe ń mí jáde, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí kíkà iye ìṣísẹ̀ há a mọ́. Tí èémí bá fẹ́ tán, kó jẹ́ kó wọlé. Tó bá dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó dúró kó tó yí padà. Ibi yíyí yẹn ni ọkàn ti máa ń sá jù.

Ẹni tí orúnkún ń dùn lè ṣe tirẹ̀ lórí àga. Ẹni tí ara rẹ̀ le, Olúmọ wà níbẹ̀ fún un, kó gba àtẹ̀gùn, kó má bá ẹnikẹ́ni díje. Kó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta, kó mọ bí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣe ń fà. Níbi tí òkúta ti tẹ̀ sórí ọ̀nà, kó fi ọwọ́ kàn án, kó mọ bó ṣe rí: ó le, ó sì máa ń gbóná tí oòrùn bá ti ràn sí i.

Ìdíwọ́ wà, mi ò ní fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń rìn wà láàárín kòtò àgbàrá àti ọ̀kadà. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí etí rẹ̀ ti ní láti máa ṣọ́ fèrè ọkọ̀. Ìyá tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti gbá ọjà rẹ̀ jọ lọ sí Láfẹ́nwá kò ní wákàtí kan láti fi ṣeré. Ẹni tó bá sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ níta, àwọn aládùúgbò á máa kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n á béèrè bóyá ara kò yá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ojú ti èèyàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àga.

Àwọn kan sì wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọ́dọ̀ ṣe èyíkéyìí tó ń dorí kodò, nítorí ó ń mú kí ìfúnpá inú ojú ga. Aláboyún àti ẹni tí eegun rẹ̀ ti rọ̀, kí wọ́n bi dókítà kọ́kọ́. Ẹni tí òòyì bá kọ́, kó dúró kó di nǹkan mú. Ẹni tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí, jàǹbá ọkọ̀ tàbí ìkọlù, lè rí i pé tí òun bá di ojú, ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló ń padà wá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ojú sílẹ̀, kó wo nǹkan tó wà níwájú rẹ̀, kó dáwọ́ dúró tí àyà bá ń já jù, kó sì wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀ láìná owó, a sì ti ń ṣe ìdajì rẹ̀. Ní ọjọ́ àwọn aláboyún ní àwọn ilé ìwòsàn wa, kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, orin ni wọ́n fi ń ṣáájú. Àwọn ìyá á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á mi ara díẹ̀. Ní ọjọ́ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ ńkọ́? Àwọn bàbá àti ìyá wa á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, káàdì á wà lọ́wọ́, wọ́n á máa dúró de dókítà, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kí nọ́ọ̀sì kan dúró síwájú, kó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé èjìká sókè bí a ṣe ń mí sínú. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má kánjú, mà.” Kí wọ́n yí ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n dìde lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tún jókòó, ẹni tí kò bá lè dìde kó gbé apá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìjókòó jẹ́ẹ́ tí ìlànà ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè fún, èyí tí a kì í sábà fún wọn nítorí pé èrò pọ̀, kí wọ́n tó so nǹkan ìwọ̀n náà mọ́ wọn lápá.